Obìnrin Inú Sinimá Tí Sabina Pè Ní Ìyá

Ní ọdún 1955, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá sinimá tí wọ́n ń ṣe ní Onípanu dára kì í lọ wo pátákó tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ló ń lọ, níbi tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ ti ń yan ẹja, kó lọ bi Sabina.

Sabina, ìyàwó Japhet apẹja, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ezekiel, kò lọ ilé ìwé. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọ́ èdè àwọn ará Íńdíà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé tí ẹja kò bá pọ̀ nílẹ̀, yóò wẹ̀ títí òórùn èéfín yóò fi dín kù lára rẹ̀, yóò wọ bùbá tó mọ́, yóò sì gba ọ̀nà Pedro lọ sí Onípanu pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Látífàt. Ọmọ Ṣakí ni Látífàt, télọ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní iwájú ilé kan ní Ṣómólú. Ẹja ló wá rà lọ́wọ́ Sabina lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ fi wọ̀, tí ẹja náà sì gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ lórí iná nítorí pé àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, Sabina yóò jókòó ti iná rẹ̀, àwọn obìnrin yòókù yóò gbé àpótí sún mọ́ ọn.

"Ọkùnrin ẹlẹ́ṣin yẹn," ó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, "láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jẹun. Mo ṣọ́ ọ. Ó gun ẹṣin, ó yìnbọn, ó jà nílé ọtí, ó tún gun ẹṣin. Òkèlè kan ṣoṣo kò kan ẹnu rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ lè fọmọ yín fún un?"

"Aṣọ rẹ̀ ńkọ́?" Látífàt tó wá kí i dá sí i. "Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ bíi ti ọjọ́ ọdún Iléyá. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa."

Sinimá Íńdíà ni Sabina fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn má bá wọn wí. "Ọmọ obìnrin náà sọnù létí odò. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó dúró, ó gbá igi mọ́ra, ó ń kọrin! Mo ní, ìwọ obìnrin yìí, máa wá ọmọ rẹ ná. Àmọ́ orin yẹn dùn. Ó dùn débi pé mo dárí jì í. Odò yẹn gan-an ni n kò dárí jì. Omi tí kò ṣàn, tí kò ní ẹrẹ̀ létí. Inú nǹkan ni wọ́n pọn ọ́n sí."

Nígbà kan, wọ́n gbé sinimá àwọn òyìnbó kan wá, níbi tí wọ́n ti jókòó nínú yàrá, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sabina sùn. Lójú oorun, ó rí i tí àwọn òyìnbó náà gbé ife tíì wọn wá sí Bàrígà, tí wọ́n jókòó sórí ọkọ̀ ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí omi ọ̀sà ń fọwọ́ kan bàtà wọn, tí kò sì sí ẹni tó yà lẹ́nu. Ìgbà tó jí, kò mọ èyí tó jẹ́ sinimá àti èyí tó jẹ́ àlá, ó bá so méjèèjì pọ̀ fún àwọn obìnrin. Àwọn kan lára wọn lọ wò ó lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n padà wá, wọ́n fajú ro.

"Ìyá Ezekiel, a kò rí ibi tí wọ́n ti jókòó sórí ọkọ̀ o."

"Ẹ ti tètè jáde nìyẹn," ni Sabina fi dá wọn lóhùn.

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ́ ìtàn sinimá. Adéjìmí Ikúmápàyí ti kúrò ní abúlé wọn létí òkun Màhín láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì ríran kedere. Láti àárọ̀ ni yóò ti jókòó sábẹ́ igi àgbọn tí yóò máa tún àwọ̀n ṣe fún Japhet. Bí Sabina bá ní kí wọ́n jọ lọ sí Onípanu, yóò ní, "Òjìji lẹ ń lọ wò. Èmi ti ní òjìji tèmi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tó ti dé, kò dárúkọ ìyàwó rẹ̀ rí.

Ọmọ́ṣaléwá ni ìyàwó náà ń jẹ́, òun ni ìyá Sabina. Ọdún 1951 ló kú. Sabina ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kò tíì pé ọjọ́ márùn-ún, nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan gbé ìròyìn náà dé Bàrígà, wọ́n sì ti sin ín. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Nígbà míì, bí Sabina bá ń yí ẹja padà lórí wáyà, yóò gbìyànjú láti rántí ojú ìyá rẹ̀. Ó rántí ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí bó ṣe máa ń pe adìẹ lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ojú, bí èéfín ló ṣe ń rí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, á sì tún lọ.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1955, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, ọkọ̀ sinimá ìjọba dé sí pápá ilé ìwé kan ní Bàrígà. Ọ̀fẹ́ ni tiwọn. Wọ́n ta aṣọ funfun kan sáàárín òpó méjì, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sórí tábìlì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mákánjúọlá sì mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó ń fi Yorùbá ṣàlàyé. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, àwọn èèyàn ti kún pápá.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń se omi ká tó mu ún ni sinimá kìíní. Sabina ní ìkòkò yẹn kéré jù fún ilé èèyàn mẹ́fà. Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín.

Òkun ni èkejì.

Kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí nínú sinimá. Ìgbì ń bọ̀ láti òkèèrè, funfun lórí dúdú, ó ń rọra ga, ó sì ń wó lulẹ̀ láìdún, nítorí ohùn Mákánjúọlá nìkan ló ń dún. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà fẹ́ mọ́ aṣọ funfun náà, òkun inú rẹ̀ sì mì. Àwọn ilé tó dúró lórí òpó nínú omi jáde. Àwọn ọkùnrin ń fa àwọ̀n. Mákánjúọlá ní, "Àwọn apẹja etí òkun nìyí, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn." Sabina na ọrùn wò ó. Ó mọ irú ilé yẹn. Ó mọ irú àwọ̀n yẹn. Èéfín ìyanja bo aṣọ náà pátápátá, obìnrin kan sì jáde látinú èéfín ọ̀hún, abọ́ ńlá lórí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ síwájú orí bí ẹni tí oòrùn ń ta lójú. Ó wo gbogbo àwọn tó wà ní pápá. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí padà, èéfín sì gbà á.

"Ìyé!" Sabina ti dìde kó tó mọ̀. Bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ìyá nìyẹn. "Ìyé mi!"

"Jókòó, jàre!" ni àwọn tó wà lẹ́yìn kígbe.

Nígbà tí sinimá náà parí, Sabina fipá gba àárín àwọn èèyàn kọjá lọ bá Mákánjúọlá. "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà sí ibi tí obìnrin yẹn ti jáde."

Ọkùnrin náà ń ká okùn iná jọ. "Ìyá, kò ṣe é dá padà báyìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Ìyá mi ni. Ó ti kú."

Mákánjúọlá dẹ́kun ohun tó ń ṣe. Ó wò ó dáadáa, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Pedro la wà lọ́la. Sátidé, Onípanu. Ẹ wá, n ó fi yín síwájú."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin gbé àpótí wọn sún mọ́ iná Sabina, wọ́n dúró de ìtàn. Sabina kò yà sí wọn. Ó ń yí ẹja padà, ó ń yí i padà, títí ẹnì kan fi gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Látífàt ló sọ fún nígbà tí ìyẹn dé.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Látífàt bi í. "Ojú tí o ní o kò rántí mọ́?"

"Ìgbà tí mo rí i ni mo rántí."

Látífàt kò bá a jiyàn. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ̀ lé e lọ sí Pedro. Wọ́n jókòó síwájú bí Mákánjúọlá ṣe ṣèlérí. Obìnrin náà tún jáde látinú èéfín, ó tún gbé ọwọ́ síwájú orí, ó tún rẹ́rìn-ín. Sabina fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó dà bíi pé, bí òun bá lè dúró láìmí, obìnrin náà kò ní yí padà.

"Ìró rẹ̀, aṣọ tuntun ni," Látífàt sọ bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀. "Ìlà ibi tí wọ́n ti ká a ṣì wà lára rẹ̀. Ta ló ń fi aṣọ tuntun yan ẹja?"

"Ìwọ àti aṣọ!" ni Sabina fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò bínú. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń rìn bí ẹni tó wà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá fẹ́ sùn, ojú ìyá rẹ̀ á dé, á sì dúró, kò lọ bí èéfín mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn. "Bàbá, ẹ bá mi lọ sí Onípanu lọ́la. N kò bẹ̀ yín rí tó báyìí. Ìyé wà nínú sinimá."

Bàbá náà fi àwọ̀n sílẹ̀. "Ọmọ́ṣaléwá?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ ní Bàrígà.

Wọ́n gbé àga dání fún un lọ sí Onípanu. Ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó de fìlà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọ̀pá rẹ̀. Sabina jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí òkun dé ojú aṣọ, ó gbọ́ tí bàbá náà mí kanlẹ̀. Nígbà tí èéfín dé, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. Obìnrin náà jáde, ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Sabina tún ti fi ọwọ́ kan bo ẹnu.

Sabina kò lè gbé ojú sókè. "Bàbá?"

"Kì í ṣe òun."

"Ẹ jọ̀ọ́, bóyá ẹ kò wò ó dáadáa."

"Mo wò ó. Kì í ṣe òun, Sabina."

Wọ́n rìn padà sí Bàrígà. Bí Sabina ṣe délé, ó gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ kalẹ̀, ó kí i kó sùn re, ó sì wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: oúnjẹ, ìkíni, kò sí nǹkan mìíràn. Ó ń bínú sí i bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Èyí tó dùn ún jù ni pé ojú tó ti dúró tẹ́lẹ̀ tún ti ń lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí oòrùn tó gbóná, bàbá náà gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi àgbọn wá sídìí iná ìyanja. Èéfín ń ta á lójú, kò kúrò.

"Ṣé o fẹ́ mọ bí mo ṣe mọ̀?" ó bi í.

Sabina ń to ẹja sórí wáyà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Obìnrin yẹn wo ẹ̀rọ òyìnbó lójú, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá rẹ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá dé, àwo ni yóò máa fọ̀. Bí àwo bá mọ́ tán, á tún un fọ̀. Ìgbà tí mo lọ fẹ́ ẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí fún ọjọ́ méjì." Ó fọwọ́ nu ojú. "Àti pé kò fẹ́ràn òkun. O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"N kò mọ̀."

"Ọmọ òkè ni. Ìlú tí wọ́n ti ń gbin iṣu ni mo ti mú un wá. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ àjẹ̀ í lò títí ó fi kú. Bí ìgbì bá ń pariwo, á máa kọ orin sábẹ́ ahọ́n, orin kan náà. O máa ń sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní eyín kan tó sán níwájú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín. Bí ìwọ náà ṣe fọwọ́ bo ẹnu ní Onípanu lọ́jọ́sí. Mo rí ọ. N kò wo aṣọ yẹn mọ́ lẹ́yìn tí mo rí ọ."

Sabina jókòó sílẹ̀. Ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sínú eérú.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí?"

"Mo rò pé tí mo bá ń sọ ọ́, yóò tán," ni bàbá náà wí.

Ó sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja nítòsí fi ìdúró gbọ́, kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ bí Ọmọ́ṣaléwá ṣe ta ewúrẹ́ kan nítorí pé ewúrẹ́ náà ń wò ó jù. Ó sọ aṣọ òféèfèé tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, tí òjò pa, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Látífàt, tó ti dé láàárín ọ̀rọ̀, bi í bí wọ́n ṣe rán bùbá rẹ̀, bàbá náà sì gbìyànjú láti rántí.

Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, nígbà tí Japhet ń lọ sílé, Sabina àti bàbá rẹ̀ bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí omi, wọ́n ń gba àárín koríko gíga àti àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń rìn nínú omi. Ní abúlé, Sabina dúró ní ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, ó sọkún tó ti yẹ kó sun ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àwọn ará ilé bá a dúró.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ sinimá fún wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Beatrice nìyẹn! Beatrice ti abúlé kejì. Àwọn òyìnbó wá ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun ni wọ́n ní kó rìn."

Ní àárọ̀, Japhet fi ọkọ̀ gbé Sabina lọ sí abúlé kejì. Obìnrin kan jókòó lórí pèpéle ilé rẹ̀ lókè omi, ó ń ṣa edé. Bí ó ṣe gbé ojú sókè, Sabina dá a mọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà sanra díẹ̀ ju ti inú sinimá lọ, irun rẹ̀ sì ti ń funfun. Sabina kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó sì sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó bá wá.

"Wọ́n ṣì ń ṣe nǹkan yẹn?" ni Beatrice bi í. "Ibo?"

"Ní Bàrígà. Ní Pedro. Ní Onípanu. Gbogbo ayé ló ti rí yín, mà."

Beatrice gbé abọ́ edé sílẹ̀. Ẹnu yà á. "Èmi kò rí i rí. Kò sí ẹni tó padà wá fi hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí n jáde nínú èéfín yẹn, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Wọ́n ní kí n lọ wọ aṣọ tuntun. Abọ́ yẹn gan-an, òfìfo ni."

"Òfìfo!" Sabina kígbe. "Mo sì mọ̀ o! Bí ọrùn yín ṣe rí, mo ti ń rò ó nínú mi pé obìnrin yìí kò ru nǹkan kan."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Japhet fi bojú wò wọ́n láti inú ọkọ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Beatrice nu ojú, ó sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Sọ òótọ́ fún mi. Báwo ni mo ṣe rí níbẹ̀?"

Sabina ronú sí i. Omi ń lu òpó ilé nísàlẹ̀ wọn, oòrùn àárọ̀ sì ń tàn gba àárín pákó ilẹ̀ pèpéle bọ́ sórí omi.

"Ẹ tètè yí padà jù," ó ní. "Ìyẹn nìkan ni mo rí wí. Ìyókù dára. Gbogbo èèyàn dákẹ́ nígbà tí ẹ jáde, títí kan àwọn tó ń ta ẹ̀pà. Ẹ dára gan-an."

Beatrice dìde, ó lọ gbé àpótí kan wá fún Sabina kó jókòó, ó sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo nǹkan kan.